Orúkọ Ìlú Kọ́ Là Ń Fi Wá Ẹjọ́

Bí ìdílé méjì bá gbé ara wọn lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga ní Ìkirè nítorí oko kòkó kan lágbègbè Ararọ̀mí-Òwu, àwọn ìdájọ́ tí agbẹjọ́rò wọn yóò gbé síwájú adájọ́ kì í sábà jẹ́ èyí tí wọ́n dá ní Ìkirè, tàbí ní Òṣogbo, tàbí ní Ìbàdàn pàápàá. Ọ̀kan tí kì í sábà wọ́n níbẹ̀ ni èyí tí ìgbìmọ̀ Privy Council dá ní London lọ́dún 1957 nínú ẹjọ́ Kojo II àti Bonsie, tó ti Gold Coast wá, ilẹ̀ tí à ń pè ní Ghana lónìí. Lord Denning ló sọ níbẹ̀ pé bí ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ tí ẹ̀gbẹ́ kan ń pa bá takò ti èkejì, kí adájọ́ má ṣe fi bí ẹlẹ́rìí ṣe dúró tàbí bó ṣe ń sọ̀rọ̀ mọ òótọ́, nítorí ẹni méjèèjì lè máa sọ ohun tí bàbá wọn sọ fún wọn láìparọ́ rárá. Kí ó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ náà láàárín àwọn ọdún tí alààyè ṣì rántí, kí ó sì mọ ìtàn tó bá a mu jù. Òmíràn ni ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, tí ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Nàìjíríà dá lọ́dún 1976, láti agbègbè Warri. Níbẹ̀ ni wọ́n ti to ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀: ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀, ìwé ilẹ̀, lílo ilẹ̀ náà bí olówó rẹ̀ ṣe máa ń lò ó, pípẹ́ lórí rẹ̀, àti níní ilẹ̀ mìíràn tó bá a pààlà. Kò sí Ararọ̀mí nínú ìdájọ́ méjèèjì, kò sí Òwu, kò sí kòkó tó ń ṣe àárín ìjà. Síbẹ̀, àwọn ni òfin tí ẹni tó ń jà lórí oko náà yóò bá pàdé. Ẹni tó bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tó wá tẹ orúkọ ìlú àti orúkọ ohun ọ̀gbìn, kò ní kan wọn. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ètò tí ènìyàn tó mọ òfin fi pín ìdájọ́ sí ìsọ̀rí-ìsọ̀rí, gẹ́gẹ́ bí ọ̀ràn tó wà nínú wọn, ṣì ṣe pàtàkì ju gbogbo ẹ̀rọ ìṣàwárí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ, àti pé àwa tí ẹjọ́ ilẹ̀ wa dúró lórí àṣà ìbílẹ̀ la nílò rẹ̀ jù.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí agbègbè yìí, nítorí ó fi ìṣòro náà hàn ketekete. Láti ọjà Àpòmù, nítòsí Ìkirè, ni aáwọ̀ tó di ogun Òwu ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, ogun tó fọ́ Òwu, tó sì tú àwọn ọmọ rẹ̀ ká títí wọ́n fi dé Abẹ́òkúta. Ilẹ̀ tí ogun ti kọjá lórí rẹ̀ báyìí, tí àwọn kan padà sí, tí àwọn mìíràn wá dáko sí, kò lè ṣaláìní ìtàn méjì mẹ́ta lórí ẹni tó kọ́kọ́ dé àti ẹni tó gbà á lálejò. Ìwé kò sí fún èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìtàn ẹnu ni ẹ̀rí. Orúkọ Ararọ̀mí fúnra rẹ̀ kò sì ṣe é fi ṣàwárí, nítorí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ni Ararọ̀mí wà: Ararọ̀mí-Obu wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, Ararọ̀mí mìíràn wà létí òkun ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ka àwọn àdúgbò tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìlú ńláńlá. Bí ẹni tó ń wá ẹjọ́ bá ní kí ẹ̀rọ fi Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun nìkan han òun, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991 tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀. Abẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Ìkirè àti Àpòmù wà láti 1976, abẹ́ Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ni wọ́n wà ṣáájú ìyẹn, tí wọ́n sì wà lábẹ́ ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn kó tó di ìpínlẹ̀. Ilẹ̀ kan náà ni, àwọn àgbẹ̀ kan náà, ṣùgbọ́n orúkọ ìjọba tó wà lórí ìwé ìdájọ́ yí padà lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìṣòro tó jinlẹ̀ jù wà nínú ọ̀rọ̀ tí àwọn adájọ́ fi kọ ìdájọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ohun tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ àṣà Yorùbá. Ìṣákọ́lẹ̀ tí ẹni tó ń dáko ń san fún onílẹ̀ lè jẹ́ “ishakole” nínú ìdájọ́ kan, kí ó jẹ́ “isakole” nínú èkejì, kí adájọ́ kẹta pè é ní “tribute”, kí ẹ̀kẹrin tó gbọ́ ọ láti ẹnu ògbufọ̀ pè é ní “rent”, èyí tí kò tilẹ̀ tọ̀nà nínú òfin. Ẹni tó bá tẹ ọ̀kan nínú wọn kò ní rí àwọn mẹ́ta yòókù, ẹ̀rọ kò sì ní sọ fún un pé ohun kan ṣẹ́ kù. Kì í ṣe àwa nìkan ni èyí ń bá fínra. Ní 1985, David Blair àti M. E. Maron tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí àwọn agbẹjọ́rò tó ń fi kọ̀ǹpútà wá ẹ̀rí fún ẹjọ́ ńlá kan nínú nǹkan bí 40,000 ìwé. Àwọn agbẹjọ́rò náà ti sọ pé àwọn kò ní dá wíwá dúró àfi tí àwọn bá rí ìdá márùndínlọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ìwé tó kan ọ̀rọ̀ náà, ó sì dá wọn lójú pé àwọn ti rí i. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ìdá ogún péré ni wọ́n rí. Ohun tó fà á kò le: ìjàǹbá kan ló wà nínú ẹjọ́ náà, àwọn tí ọ̀rọ̀ náà lè kó bá kì í pè é ní ìjàǹbá nínú ìwé wọn. Wọ́n ń pè é ní ìṣẹ̀lẹ̀, wọ́n ń pè é ní ìṣòro, wọ́n ń pè é ní “ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ lọ́jọ́sí”. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn tí èdè kan náà jẹ́ abínibí fún, kí ni ká máa retí láàárín ẹlẹ́rìí tó sọ Yorùbá, ògbufọ̀ tó túmọ̀, àti adájọ́ tó kọ Gẹ̀ẹ́sì?

Ọkùnrin tó kọ́kọ́ rí owó nínú ìṣòro yìí, kó tó di pé kọ̀ǹpútà dé, ni John B. West, ará St. Paul ní Minnesota. Ní 1876 ló bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé pélébé kan tó ń sọ ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ ìpínlẹ̀ rẹ̀ ní ṣókí. Kó tó di òpin ọ̀rúndún náà, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń tẹ ìdájọ́ gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìdájọ́ pọ̀ ju ohun tí ènìyàn lè kà lọ. Nítorí náà wọ́n gba àwọn agbẹjọ́rò síṣẹ́ láti ka ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n yọ kókó òfin inú rẹ̀ jáde ní gbólóhùn kan tàbí méjì, kí wọ́n sì fún kókó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní nọ́ńbà kọ́kọ́rọ́. Òfin pín sí àkòrí tó lé ní 400. Àdéhùn jẹ́ 95, abẹ́ rẹ̀ sì ni àwọn nọ́ńbà kéékèèké fún ọ̀ràn kọ̀ọ̀kan wà. Ẹni tó bá ti rí ìdájọ́ kan ṣoṣo tó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu, yóò wo nọ́ńbà tó wà lórí kókó náà, yóò mú un lọ sí ìwé ìpínlẹ̀ mìíràn, yóò sì rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, ìbáà jẹ́ pé adájọ́ ibẹ̀ lo ọ̀rọ̀ tó yàtọ̀ pátápátá. Ní ọjà, a kì í ké orúkọ iṣu kiri títí ẹnì kan yóò fi dáhùn. Ìsọ̀ oníṣu là ń lọ, ohun tí ẹni tó gbìn ín ń pè é lóko rẹ̀ kò sì dí wa lọ́wọ́. Nígbà tí Westlaw, ilé ìkójọ ìdájọ́ ti ilé-iṣẹ́ West, dé orí kọ̀ǹpútà ní 1975, nọ́ńbà wọ̀nyí bá a wọlé. Títí dòní, ẹni tó bá tẹ nọ́ńbà kan níbẹ̀ lè rí ìdájọ́ tí wọ́n dá ní ọ̀rúndún tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n dá lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Àwa náà ní irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ìwé ìdájọ́ Nàìjíríà tó jọ ara wọn lórí pẹpẹ ti wà láti ìgbà ìjọba amúnisìn, ìdì àkọ́kọ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1881. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni títẹ̀ wọn máa ń falẹ̀ débi pé ìdájọ́ ti gbó kó tó dé ọwọ́ agbẹjọ́rò. Gani Fawehinmi, ọmọ Oǹdó, ló yí èyí padà ní 1985 nígbà tó dá Nigerian Weekly Law Reports sílẹ̀, tó ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ènìyàn máa ń rántí Gani fún àhámọ́ àti ìjà rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ológun. Lójú tèmi, iṣẹ́ tó ṣe fún ẹni tó ń wá ẹjọ́ kò kéré sí ìyẹn. Ní iwájú ìdájọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ìwé náà ni wọ́n ti to àwọn kókó rẹ̀ sábẹ́ àkòrí: òfin ilẹ̀, òfin ìbílẹ̀, ẹ̀rí, ọ̀ràn oyè, ìlànà ilé-ẹjọ́. Apá tó ti jáde nínú rẹ̀ ti lé ní 1,500. LawPavilion tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní àkòrí tirẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn sì ní tiwọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú nìyẹn: àkòrí tí ẹnì kan mọ̀ nínú ti Gani kò ṣílẹ̀kùn ní ibòmíràn. Kò sí nọ́ńbà kan tó jẹ́ pé ibikíbi tí ènìyàn bá gbé e dé, ọ̀ràn kan náà ló ń tọ́ka sí.

Síbẹ̀, bí ó ti wù kí àkòrí wọ̀nyí pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ tó, ẹ wo ohun tí wọ́n lè ṣe. Ká ní ìdílé kan sọ pé àwọn ló fún bàbá àgbà ẹnì kan nílẹ̀ tó ń dáko sí, pé ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ títí ó fi kú, àti pé ọmọ rẹ̀ ti wá ń sọ báyìí pé ilẹ̀ bàbá òun ni. Agbẹjọ́rò tó bá tẹ “isakole” yóò rí ìdájọ́ lórí ẹni tó san àti ẹni tí kò san. Ìyẹn kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Lábẹ́ òfin ìbílẹ̀ bí àwọn ilé-ẹjọ́ wa ṣe gbà á, ìṣákọ́lẹ̀ jẹ́ àmì pé ẹni tó ń san án gbà pé onílẹ̀ wà. Owó tàbí ìkòkò epo kọ́ ni kókó rẹ̀. Ohun tó lè mú kí ilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ olóko ni kí ó sẹ́ onílẹ̀. Nítorí náà, abẹ́ pípàdánù ilẹ̀ nítorí ìwà àìtọ́ ni ẹjọ́ tó yẹ kó wá wà. Níbẹ̀ ni yóò ti pàdé Aghenghen àti Waghoreghor, tí ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ dá ní 1974, tó ṣàlàyé irú ẹ̀tọ́ tí ẹni tí wọ́n fún nílẹ̀ dáko lábẹ́ àṣà ní. Orúkọ àwọn tó ń jà níbẹ̀ kì í ṣe ti Yorùbá. Bí olóko bá wá gbé òfin ilẹ̀ ti 1978 dìde, pé gómìnà ló ni gbogbo ilẹ̀ báyìí, pé onílẹ̀ ti dẹni àná, àkòrí kan náà yóò tún mú agbẹjọ́rò dé ọ̀dọ̀ Abioye àti Yakubu, tí ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ fi sọ ní 1991 pé òfin náà kò gba ẹ̀tọ́ onílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹni tó ń dáko sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò rí ìdájọ́ yìí lè pàdánù oko ìdílé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tí ilé-ẹjọ́ ti parí.

Àwọn kan yóò sọ pé gbogbo èyí ti di ọ̀rọ̀ àtijọ́, pé ẹ̀rọ òde òní kò tún nílò kí ènìyàn to nǹkan sí ìsọ̀rí fún un, pé ó mọ̀ pé ìṣákọ́lẹ̀ àti “tribute” bára wọn tan. Apá kan wà nínú èyí tí mi ò lè jiyàn rẹ̀: ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá ń so ọ̀rọ̀ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tí mo ń bi wọ́n ni pé báwo ni agbẹjọ́rò ṣe máa mọ ohun tí kò rí. Ní 2017, Susan Nevelow Mart, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Colorado, tẹ ìwádìí jáde tó fi gbé ìbéèrè kan náà fún ilé ìkójọ ìdájọ́ mẹ́fà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó sì wo mẹ́wàá àkọ́kọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mú jáde. Nǹkan bí ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ìdájọ́ ló jẹ́ pé ilé kan ṣoṣo ló mú un wá. Ìdá méje péré ni gbogbo wọn jọ rí. Òfin kan náà, orílẹ̀-èdè kan náà, ìbéèrè kan náà. Àwọn méjì tó pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ náà, tí wọ́n ní kókó ìdájọ́ àti ìsọ̀rí tí ènìyàn fọwọ́ ṣe, ló mú èyí tó wúlò wá jù. Ẹ̀rọ tí kò ní ìsọ̀rí kò fi ojú ọ̀nà tó gbà han ẹnikẹ́ni; ìsọ̀rí wà lójútáyé, ẹni tó bá rò pé wọ́n gbé ìdájọ́ kan sí ibi tí kò yẹ lè tọ́ka sí i.

Ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn tún ní àléébù tó burú ju kó má rí nǹkan lọ: ó ń dá ìdájọ́ tí kò sí rárá sílẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, adájọ́ kan ní New York ní kí àwọn agbẹjọ́rò nínú ẹjọ́ Mata àti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Avianca san 5,000 dọ́là nítorí wọ́n kó ìdájọ́ tí ChatGPT hun wá síwájú rẹ̀, orúkọ, ọdún àti ojú-ìwé rẹ̀ pé pérépéré. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, ilé-ẹjọ́ gíga ní London kìlọ̀ kíkankíkan lórí irú nǹkan báyìí nínú ẹjọ́ Ayinde àti ìjọba ìbílẹ̀ Haringey. Ìsọ̀rí kò lè ṣe irú èyí, nítorí kò sí ẹni tó lè to ìdájọ́ tí kò tíì kà sábẹ́ àkòrí. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ yóò máa dára sí i. Àmọ́ bí yóò bá dára fún ẹjọ́ ilẹ̀ wa, ohun tí ènìyàn ti kà, tó sì ti tò dáadáa ni yóò ti kọ́ ọ.

Àtakò tó wúwo jù lójú tèmi wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ ìsọ̀rí náà dunjú. Ní 1989, Richard Delgado àti Jean Stefancic kọ ọ́ nínú ìwé àtìgbàdégbà òfin ti Stanford pé ìsọ̀rí a máa so ọwọ́ àwọn tó ń lò ó: ohun tí ẹni tó tò ó kò ronú kàn kò ní ní àyè níbẹ̀, agbẹjọ́rò yóò sì máa padà sọ́dọ̀ ìtàn kan náà. John West fúnra rẹ̀, lẹ́yìn tó ti kúrò nílé-iṣẹ́ tó dá sílẹ̀, bu ẹnu àtẹ́ lu ìsọ̀rí náà. Òótọ́ ni, ó sì kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Bí wọ́n bá to ọ̀rọ̀ onílẹ̀ àti olóko wa sábẹ́ ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá yóò máa rò pé owó ilé ni ìṣákọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí àtakò yìí ń bèèrè ni ìsọ̀rí tó dára sí i. Ẹni tó bá kọ ìsọ̀rí sílẹ̀ nítorí pé àjèjì ló tò ó, tó wá lọ gbára lé ẹ̀rọ tí àjèjì kọ́, kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ojú àjèjì. Ó kàn ti gbé e sí ibi tí òun kò ti ní rí i mọ́. Kò sì sí ìdí tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò fi lè ti ọ̀dọ̀ wa jáde. Elizabeth Moys, ẹni tó ṣe ìlànà ìtòwé òfin tí ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé òfin ní Britain àti níbòmíràn ń lò, ti ṣiṣẹ́ ní ilé-ìkàwé Yunifásítì Èkó ní àwọn ọdún 1960 kí wọ́n tó tẹ ìlànà náà jáde ní 1968.

Owó ni ohun tó kù. Agbẹjọ́rò tó ní ọ́fíìsì kékeré ní Ìkirè, tí kò ní ju fóònù àti ẹ̀rọ amúnáwá lọ, kì í rọrùn fún un láti san owó ọdọọdún fún ilé ìkójọ ìdájọ́ méjì tàbí mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ni kò lè ra gbogbo apá ìwé Gani. Àkòrí tó wà nínú wọn sì jẹ́ ohun ìní àwọn tó tò wọ́n, wọ́n ṣiṣẹ́ fún un, ó tọ́ kí wọ́n jẹ lórí rẹ̀. Ní Kenya, òfin ọdún 1994 ló dá ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń tẹ ìdájọ́ jáde sílẹ̀, ẹnikẹ́ni sì lè kà wọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Mi ò rò pé a ní láti dúró de irú òfin bẹ́ẹ̀ ní Abuja ká tó bẹ̀rẹ̀. Ìsọ̀rí kò nílò kí ìdájọ́ fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Nọ́ńbà àti àkòrí nìkan ló yẹ kó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, kí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkòrí tirẹ̀. Òfin ilẹ̀ ìbílẹ̀ ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni àwọn ìwé òkèèrè kò lè tò fún wa. Àwọn àkòrí rẹ̀ kò pọ̀: ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó, ilẹ̀ tí wọ́n fúnni pátápátá àti èyí tí wọ́n fúnni dáko, ìṣákọ́lẹ̀, sísẹ́ onílẹ̀, ilẹ̀ ìdílé àti ẹni tó lè tà á, pínpín ogún ní ìdí-igi tàbí orí-ojorí, ilẹ̀ tí ogun lé àwọn olówó rẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọn yóò kọ gbogbo ọ̀nà tí àwọn adájọ́ ti gbà kọ ọ̀rọ̀ náà sí, pẹ̀lú “s” àti pẹ̀lú “sh”, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ náà kò ju agbára ẹ̀ka òfin Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ, tó wà ní Ilé-Ifẹ̀, ní ìpínlẹ̀ kan náà pẹ̀lú Ìkirè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń ka ìdájọ́ wọ̀nyí lọ́dọọdún fún ìdánwò. Kí ẹni tó kà á kọ àkòrí àti nọ́ńbà sí i, kí olùkọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí agbẹjọ́rò lè ti fi fóònù ṣí i kó tó wọ kóòtù láàárọ̀.